Ọjọ́ Tí Wọ́n Hú Barba Sarandis

Ìtàn tí gbogbo ará erékùṣù Pelanisi fẹ́ràn jù nípa Barba Sarandis ni ti ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin tó ti Áténì wá wo ihò àpáta wọn.

Ihò náà wà lẹ́yìn òkè, níbi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni omi ti ń kán láti àjà rẹ̀, tó, tó, tó, ẹfun inú omi náà sì ti di òkúta gígùn tó rọ̀ wá sílẹ̀, funfun báláú. Kò sí ohun tó rẹwà tó o ní gbogbo erékùṣù náà. Ṣùgbọ́n lójú Barba Sarandis, ẹwà tí kò ní ìtàn nínú, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó kó àlejò méjìdínlógún wọlé, ó gbé fìtílà sókè, ó nàka sí òkúta tó ga jù. Ó ní Ìyá Pelagia nìyẹn, olórí àwọn obìnrin tó fi ayé wọn fún Ọlọ́run. Nígbà tí àwọn olè ojú òkun gúnlẹ̀ sí èbúté, ìyá náà sá wọ ihò yìí, ó gbàdúrà pé kí ojú wọn má tó òun, Ọlọ́run sì sọ ọ́ di òkúta lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà wúkọ́. "Ẹ má bínú, Bàbá. Omi àti ẹfun ló di òkúta yìí. Ó ti lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ọdún tó ti wà níbẹ̀."

Barba Sarandis sáré gbá òkúta náà mú, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń di etí fún èèyàn. "Ẹ rọra o, Màdáámù! Obìnrin ni o! Ṣé inú tiyín máa dùn tí wọ́n bá ń pariwo ọjọ́ orí yín níwájú àlejò?"

Ẹ̀rín bú nínú ihò náà títí àdán fi fò jáde. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ọ̀jọ̀gbọ́n náà dúró sẹ́yìn díẹ̀, ó tẹrí ba fún òkúta, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

Ẹni tó sọ ìtàn yìí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kọkànlá ni Zisis, ọkùnrin tó ń gbẹ́ sàréè. Ó di ṣọ́bìrì mú bó ti ń sọ ọ́, ilẹ̀ sì ti bò ó dé itan, nítorí Barba Sarandis gan-an ni ó ń wà jáde. Òjò wínníwínní ń rọ̀. Afẹ́fẹ́ àríwá ń bọ̀ láti ojú òkun, ó tutù débi tí eyín ń gbá ara wọn. Gbogbo ilé àlejò ti tì, ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ló kù tó ń wá lọ́sẹ̀, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín ju ìdajì lọ.

Pelanisi ní àpáta ju erùpẹ̀ lọ. Ìtẹ́ òkú wọn kò fẹ̀ ju àgbàlá ilé olówó kan lọ, nítorí náà ẹni tó bá kú, ọdún mẹ́ta ni ilẹ̀ fi yá a. Bí ó bá ti pé, wọ́n á hú u, àwọn obìnrin á fi wáìnì fọ egungun rẹ̀, wọ́n á tò ó sínú àpótí kékeré, wọ́n á gbé e lọ sí ilé egungun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹlòmíràn lè ráyè sùn. Bí egungun bá jáde ní mímọ́, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìda oyin, ọkàn ẹni náà ti sinmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá kọ̀ tí kò jẹ ẹran ara rẹ̀, háà! Èpè wà lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn, àbí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnì kan kò fi jì í. Wọ́n á da erùpẹ̀ bò ó padà, ẹnu ayé á sì máa jẹ ohun tí ilẹ̀ kò jẹ.

Evanthia, ọmọ kan ṣoṣo tí Barba Sarandis bí, ló dúró létí sàréè náà tó di agbòjò mú tí kò ṣí i. Irun orí rẹ̀ ti tutù rin. Ó ti Piraeus, ìlú èbúté tó wà lẹ́bàá Áténì, wá lánàá, oorun kò sì kan ojú rẹ̀. Kì í ṣe ẹkún ló gbé e lọ́kàn. Ẹ̀rù ni. Àṣírí kan wà lọ́kàn obìnrin yìí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ ọ́ fún Fadá Anthimos nígbà tó ní kó ka àdúrà ìtúsílẹ̀ lé sàréè náà lórí lẹ́ẹ̀mejì. Fadá bi í pé kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan kan, pé òun kàn fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kira Meropi jókòó sórí korobá tó dojú dé, abọ́ wáìnì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni; "Kira" ni wọ́n fi ń pọ́n àgbà obìnrin lé níbẹ̀, bí "Barba" ti jẹ́ fún àgbà ọkùnrin. Òun ló ń fọ egungun gbogbo ìlú, ó fọ ti ọkọ ara rẹ̀, ó fọ ti ọkùnrin tó fẹ́ràn kó tó fẹ́ ọkọ, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ilẹ̀kùn.

"Zisis, rọra máa wà á," ó ní. "Irọ́ tí ọkùnrin yìí pa láyé, bí ilẹ̀ bá fi ọdún mẹ́ta jẹ ẹ́ tán, a jẹ́ pé irin ni eyín ilẹ̀."

Evanthia sún mọ́ etí sàréè náà.

"Meropi!" Fadá Anthimos kígbe. "Níwájú òkú!"

"Fadá, òkú náà ló kọ́ mi. Ta ni kò mọ̀? Ẹ̀yin náà, ta ló jẹ́ kí ẹ fi sílípáàsì ṣe ìsìn àjọ̀dún oṣù kẹjọ?"

Fadá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bàtà títún ṣe ni iṣẹ́ Barba Sarandis gan-an, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ àlejò bá ti fọn fèrè lókèèrè báyìí, yóò ju òòlù sílẹ̀, yóò so táì mọ́rùn nínú ooru oṣù kẹjọ, yóò tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, yóò sì wà létí omi kí ọkọ̀ náà tó ju ìdákọ̀ró. Kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ àlejò ju ife kọfí kan lọ. Láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹwàá, ẹni tí bàtà rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ Barba Sarandis, kó kúkú kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn láìwọ̀ ọ́.

"Ẹ rántí ti odi?" Zisis tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ṣọ́bìrì lé èjìká, ó ń fi ìtàn sinmi. Ti odi yìí, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nídìí sàréè kì í kọ ìtàn.

Odi àtijọ́ kan wà lórí òkè tó kọjú sí èbúté. Bí ará Jámánì bá wá, Barba Sarandis á ní akọni ará Jámánì kan ló kọ́ ọ. Bí ará Faransé bá dé, akọni náà á di ará Faransé. Ará Ítálì ńkọ́? Ta tún ni ìbá kọ́ ọ bí kò ṣe ará Ítálì! Báyìí ló ṣe ń pín odi kan ṣoṣo fún gbogbo ayé, kò sì sí ẹni tó bínú. Àfi ọjọ́ tí ọkọ̀ kan kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá pọ̀. Wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà odi, ọgọ́ta èèyàn, wọ́n ń retí. Àwọn ọkùnrin ilé kọfí ti gbé àga wọn gòkè wá láti wá wo bí wọn yóò ṣe mú Sarandis lónìí.

Barba Sarandis nu ojú. Ó wo àwọn Jámánì. Ó wo àwọn Faransé. Ó wo àwọn Ítálì. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹbí mi, ará Jámánì ni ìyá tó bí akọni yìí. Ará Faransé ni bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bí i, wàrà kò yọ lọ́mú ìyá rẹ̀, obìnrin Ítálì kan ló sì fún un lọ́mú mu. Ẹ wá bá mi dá a, ti ta ni ọmọ?"

Wọ́n fi wákàtí kan jiyàn láàárín ara wọn. Barba Sarandis lọ mu kọfí.

"Àti ti omi gbígbóná!" Kira Meropi ti ń fọwọ́ gbá itan. Ó ní ní ibi tí omi gbígbóná ti ń yọ láàárín òkúta ní etí òkun, Barba Sarandis máa ń ní ọba kan wẹ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́ tí irun sì hù ní orí rẹ̀ tó pá. Ni àlejò kan bá wo orí Barba Sarandis tó ń dán gbinrin nínú oòrùn, ó ní kí ló dé tí òun náà kò wẹ̀ ńbẹ̀. "Ó ní, 'Ọmọ mi, èmi ni mo ń ṣọ́ omi náà. Ṣé olùṣọ́ ló yẹ kó máa jí ohun tó ń ṣọ́ kó?'"

Zisis rẹ́rìn-ín, Fadá Anthimos fi irùngbọ̀n bo ẹnu. Evanthia kò rẹ́rìn-ín. Lójú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ka irọ́ wọ̀nyí níkọ̀ọ̀kan, ṣe ni wọ́n ń kó ẹrù lé òkú náà láyà. Ó ń wo ọwọ́ Zisis. Gbogbo ìgbà tí ṣọ́bìrì bá wọlẹ̀, ó ń wọ òun náà lára.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohùn tirẹ̀ ti balẹ̀ láti ọdún méjìlá sẹ́yìn.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Bàbá rẹ̀ ló ń di irun fún un, ní wọ́gọwọ̀gọ, òun ló ń se ẹ̀wà, òun ló sì ń fi ìtàn erékùṣù náà rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nítorí ìtàn wọ̀nyẹn ló ṣe fẹ́ iṣẹ́ afinimọ̀nà. Ṣùgbọ́n òun fẹ́ ẹ ní òótọ́. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn afinimọ̀nà fún ọdún méjì àbọ̀, ó kọ́ nípa odi àti ẹni tó mọ ọ́n, ìmìtìtì ilẹ̀ tó wó o, òdòdó tó ń hù lára ògiri rẹ̀ àti àwọn àṣá tó ń pamọ létí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkun, tí wọ́n á fò lọ sí Áfíríkà bí òtútù bá ń bọ̀. Ó gba ìwé àṣẹ, ó gbé e kọ́ ọrùn, ó wálé. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní àwọn yóò rán obìnrin kan wá láti wò ó fún ọjọ́ kan péré. Bó bá ṣe dáadáa, gbogbo ọkọ̀ wọn títí di ìgbà òtútù di tirẹ̀. Ìyẹn ni pé kò ní í kúrò nílé mọ́, kò ní í fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀.

Ó bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú. "Bàbá mi, ẹ ṣàánú mi. Ọ̀la nìkan. Ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù."

"Evanthia mi, mo fi Nikola mímọ́ búra. Mi ò ní kúrò nídìí òòlù."

Ó sì ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Evanthia dé iwájú odi pẹ̀lú ogójì àlejò, tó ń sọ̀rọ̀ tó ń já geere, obìnrin ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ tó ń mi orí, bàbá rẹ̀ ti jókòó sórí ògiri lẹ́yìn wọn, táì lọ́rùn, omi lójú. Ó wá láti wá gbọ́ ọmọ rẹ̀ ni. Kì bá ti sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ̀mí rẹ̀ ni kò gbà á nígbà tí ọmọ náà dé orí ọ̀rọ̀ àwọn àṣá, tó ka iye wọn àti iye ẹyin tí wọ́n ń yé, tó sì fẹ́ kọjá lọ.

"Ó gbàgbé ọmọ ọba obìnrin!" ó ní.

Àlejò kan yí padà. "Ọmọ ọba wo?"

Ó parí. Ó ní ọmọ ọba kan wà nínú odi yìí, ọkùnrin méje ń fẹ́ ẹ, ọjọ́ tó kú ni àwọn méjèèje bẹ́ sókun, àwọn ni wọ́n di àṣá, Áfíríkà tí wọ́n ń lọ lọ́dọọdún, wíwá ni wọ́n ń wá a lọ. Òótọ́ dé ọjà ó kù tà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ra èké. Ogójì àlejò ló tẹ̀ lé e sọ̀kalẹ̀, ẹlòmíràn ń nu ojú. Ó ku Evanthia àti obìnrin ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní ẹnu ọ̀nà odi.

"Bàbá yẹn, ṣé ó ní ìwé àṣẹ?" obìnrin náà béèrè.

"Kò ní."

"Ó mà ṣe o." Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ẹlòmíràn láti erékùṣù mìíràn ni wọ́n fún níṣẹ́ náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Barba Sarandis wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Evanthia mi! O rí bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún wa?"

"Fún wa" yẹn ló dùn ún jù. Ó ti ilẹ̀kùn. Láti kékeré, kò pe bàbá rẹ̀ ní "ìwọ" rí, ṣùgbọ́n ó pè é lọ́jọ́ náà. "Onírọ́! O ti bayé mi jẹ́! Wàá kú, ilẹ̀ ò sì ní jẹ ọ́! Bí o ṣe wà yìí ni wàá wà ńbẹ̀ títí ayé, kí gbogbo èèyàn lè rí ọ!"

Kò sí èpè tó wúwo tó o ní Pelanisi. Ọ̀tá kì í sábà fi ṣé ọ̀tá. Ẹ̀rín kú lójú Barba Sarandis, ó jókòó sórí àga, kò sì rí nǹkan kan sọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀ rí! Evanthia di ẹrù, ó wọ ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ lọ sí Piraeus, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi fún àwọn tó ń lọ sílé wọn. Ọdún mẹ́sàn-án. Ó ń pè é lórí fóònù nígbà Kérésì àti Àjíǹde, bàbá rẹ̀ á sọ̀rọ̀ nípa afẹ́fẹ́ àti òjò. Gbogbo ìgbà ló ń pinnu pé lọ́tẹ̀ yìí òun á bẹ̀ ẹ́, òun á kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, lọ́tẹ̀ yìí, títí ọkàn bàbá fi dúró lójijì létí èbúté, ní oṣù kẹwàá, níwájú àlejò mẹ́fà, láàárín ìtàn tí kò parí. Ó délé bá òkú. Kò sí bí èèyàn ṣe ń kó ọ̀rọ̀ jẹ létí òkú. Ó kàn wọ kóòtù tuntun fún un.

Ṣọ́bìrì kan pákó.

"Mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀," Zisis ní. Kò sí ẹ̀rín lóhùn rẹ̀ mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbọ́n erùpẹ̀, ó ń mú pákó tó ti jẹrà kúrò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Fadá Anthimos bẹ̀rẹ̀ sí í ka àdúrà. Lẹ́yìn náà ọwọ́ Zisis dúró. Ó gbé ojú sókè, ojú náà ti funfun.

"Fadá. Ẹ wá wò ó."

Kóòtù dúdú ló wà nísàlẹ̀ ihò náà, bó ṣe wà ní ọjọ́ tí wọ́n rà á. Apá rẹ̀ kún. Bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Kódà ìlà áyọ́ọ̀nù ṣì wà lára ṣòkòtò. Ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì dúró gbọn-in. Èèyàn ìbá ní ó sùn ni.

Evanthia ṣubú sínú ẹrẹ̀. "Èmi ni!" ó ké. "Yéè! Èmi ni mo fà á! Ọlọ́run, èmi ni mo ṣe é!"

"Ìwọ náà ni, ta ni ìbá tún ṣe é?" Kira Meropi ti dìde lórí korobá, ó ń yọjú sínú ihò pẹ̀lú ìbínú. "Ta ní ń fi náílọ́ọ̀nù sin òkú? Wọ́n ò kọ́ yín ní nǹkan kan ní Piraeus yẹn ni? Ilẹ̀ ń jẹ òwú. Ilẹ̀ ń jẹ irun àgùntàn. Ilẹ̀ ń jẹ èèyàn. Ilẹ̀ kì í jẹ náílọ́ọ̀nù! Zisis, kí lò ń wò bí ẹja tútù? Fi ọ̀bẹ là á!"

Zisis fa ọ̀bẹ yọ, ó la apá kóòtù láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Egungun ló wà nínú rẹ̀. Egungun lásán, ní mímọ́, gbígbẹ, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìda oyin. Ó la àyà rẹ̀: egungun. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ kan, egungun ẹsẹ̀ kéékèèké dà sílẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ó fa ìbọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà ni. Lẹ́yìn náà Zisis bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wò ó o! Ó ti kú, ó tún ń tan wá jẹ!" Ẹ̀rín mú Fadá Anthimos tó fi di àgbélébùú sàréè ẹlòmíràn mú. Kira Meropi ń rẹ́rìn-ín, ó ń bú wọn, ó ń nu ojú. Evanthia jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Nígbà tí àwọn yòókù dákẹ́, tirẹ̀ ti di ẹkún, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó sun ún.

Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́ kò gbọ́ èpè rẹ̀. Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé ọdún méjìlá láyà èèyàn kì í jáde lẹ́ẹ̀kan. Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà ló gbẹ̀yìn tó gbọ́ lójúkojú lẹ́nu òun. Ilẹ̀ lè dárí jini. Ta ni yóò bá a bi bàbá rẹ̀?

Ó wá kúnlẹ̀ ti Kira Meropi nídìí abọ́ wáìnì. Arúgbó náà ń rẹ egungun kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, ó ń fi òwú nù ún, ó ń gbé e fún Evanthia kó tò ó sórí aṣọ funfun. Agbárí kọ́kọ́ wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà itan, lẹ́yìn náà ìhà. Òjò ti dá, ṣùgbọ́n òtútù kò dín.

"Má sunkún mọ́," Kira Meropi ní, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Bàbá rẹ kò ní ohun tó ń dùn ún lọ́dọ̀ rẹ. Gbogbo wa la mọ bẹ́ ẹ ṣe pínyà."

Ọwọ́ Evanthia dúró. "Ẹ mọ bá a ṣe pínyà?"

"Ta ni kò mọ̀? Ọjọ́ tó o lọ, a rí ọ ní èbúté tó o dá jókòó, ojú rẹ pọ́n, a ò rí bàbá rẹ. Mo ní, kí ló dé tí Sarandis kò wá sin ọmọ rẹ̀ dé inú ọkọ̀? Mo lọ bá a nílé. Ó jókòó sórí àga. Ó ní, 'Meropi, òun ló ní kí n má wá. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi níbí, ó fi ẹnu ko ọwọ́ mi méjèèjì, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, ó ní: Bàbá mi, tí mo bá rí yín ní èbúté, ẹsẹ̀ mi ò ní gbé mi wọnú ọkọ̀.' Ó sunkún bó ti ń sọ ọ́. Èmi náà sunkún."

Evanthia gbé egungun tó mú lọ́wọ́ sórí aṣọ.

"Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń sọ ọ́," Zisis dá sí i láti inú ihò. "Ní ilé kọfí, fún àlejò, fún ẹnikẹ́ni. Ṣé o mọ nǹkan tó yà wá lẹ́nu? Kò sí ìtàn bàbá rẹ tí kì í yí padà. Odi ń yí, ọba ń yí, olè ojú òkun á di ogún lónìí, á di igba lọ́la. Èyí nìkan ni kò yí rí. Bó ṣe sọ ọ́ lónìí ló máa sọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, kò fi kún un, kò yọ kúrò."

"Ìyẹn la fi mọ̀ pé òótọ́ ni," Kira Meropi ní.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ kọjá láàárín àwọn àgbélébùú. Evanthia wo arúgbó náà, ó wo Zisis, ó wo Fadá Anthimos tó ti pa ìwé àdúrà dé tó ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé irọ́ ni, pé èpè lòun ṣẹ́, pé bàbá òun jókòó sórí àga yẹn nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ọdún méjìlá ló ti fi ń wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́ báyìí, ta ni yóò di onírọ́ níwájú gbogbo ìlú, níbi tí egungun rẹ̀ ti wà lórí aṣọ funfun?

"Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Kira Meropi béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kira Meropi," ó ní. "Bó ṣe rí gan-an nìyẹn."

Arúgbó náà mi orí. Ó kó egungun ọwọ́ ọ̀tún jáde nínú wáìnì, àwọn kéékèèké tí wọ́n ti di òòlù mú rí, tí wọ́n ti di irun ọmọ kan ní wọ́gọwọ̀gọ, ó dà wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ Evanthia. Evanthia kò tò wọ́n sórí aṣọ. Ó gbé wọn sókè, ó fi ẹnu kò wọ́n. Ó dúró kí ọwọ́ òsì jáde, ó fi ẹnu ko ìyẹn náà, lórí ìkúnlẹ̀ tó wà, bí ìtàn bàbá rẹ̀ ti wí. Ó tẹrí sún mọ́ wọn kí àwọn yòókù má bàa gbọ́.

"Bàbá mi," ó ní, "ẹ ò purọ́ mọ́ báyìí."